Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Kẹtàdínlógójì

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Yábàá kò lórúkọ gidi kan. Bí ènìyàn bá kọ̀wé tí ẹlòmíì ò lè kà, èmi ni wọ́n ń gbé e wá bá. N ó kà á, n ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ìwé ìpíngún bàbá tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ tí akọ̀wé ti mu ẹmu yó kó tó kọ ọ́, gbogbo rẹ̀ ni mò ń kà. Mi ò kàwé púpọ̀, àmọ́ Ọlọ́run fún mi lójú. Ẹni tó bá sì fẹ́ wí pé ẹnu mi mú bí abẹ, kó kọ́kọ́ gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi kó tó wí i, torí n ó dá a lóhùn.

Nígbà ọyẹ́ kan báyìí, kò tíì pẹ́ rárá, olùkọ́ yunifásítì kan gbé páálí méjì wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Obìnrin ni, mo jù ú lọ, Àǹtí ló ń pè mí. Ó ní ìwé òyìnbó kan tó ti kú tipẹ́ ló wà nínú wọn. Ṣọ́jà ni òyìnbó náà, ẹnjiníà tó ń ṣe afárá fún ìjọba amúnisìn. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ́ di ajẹ́lẹ̀, ó wá ń dájọ́, ó ń gbowó orí. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ lókè òkun ni wọ́n kó ìwé rẹ̀ fún olùkọ́ yìí kó fi ṣe ìwádìí.

“Àǹtí, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ le o. Ẹni mẹ́ta ló ti dá a padà fún mi.”

“Àwọn mẹ́ta yẹn kì í ṣe èmi,” mo ní. “Gbé e kalẹ̀.”

Kí n tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ ti bàbá mi. Pápá Àjàó ni wọ́n ń gbé, nínú ilé tí wọ́n fi iṣẹ́ káfíńtà kọ́. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ẹsẹ̀ ti kọṣẹ́, ojú náà ti ń ṣú. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá láyé: wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá bàbá tó bí wọn kú ni, tàbí ó kọ̀ wọ́n sílẹ̀. Oyún wọn ló wà nínú ìyá wọn, lábúlé wa lẹ́bàá Ọ̀yọ́, nígbà tí ọkọ rẹ̀ bá òyìnbó lọ ṣe afárá lókè Ọya. Kò padà wá mọ́. Kò ránṣẹ́. Àwọn ará ilé ní ó ti gbé obìnrin míì lọ́hùn-ún, wọ́n sì ń fi bú ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, títí wọ́n fi gbé ọmọ wọn pọ̀n, tí wọ́n gba Èkó lọ. Muṣin ni wọ́n sọ̀ sí. Ìyá àgbà kò ṣe opó, wọn ò sì fẹ́ ọkọ míì. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ọkọ wọn, wọ́n á ní, “Ó wà níbi iṣẹ́.” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí títí tí wọ́n fi kú.

Nítorí pé a ò mọ̀, a ò kírun sí i lára rí. Ta ní í kírun òkú sí alààyè lára? Ohun tó ń jẹ bàbá mi lọ́kàn nìyẹn. Wọn ò fẹ́ kú kí wọ́n tó mọ èyí tí wọ́n á ṣe: kí wọ́n kírun fún bàbá wọn, tàbí kí wọ́n bínú sí i. Lọ́dún tó ṣáájú ọyẹ́ yẹn, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, “Ìwọ tó ò ń ka ìwé tí ẹnìkan ò lè kà, bá mi wá bàbá mi.” Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo rí i pé wọn ò bá mi rẹ́rìn-ín, ojú tì mí.

Ìyá àgbà ló tọ́ mi. Tí wọ́n bá ń fi òrí pa mí lára, wọ́n máa ń fi ìka ya ilà ọkọ wọn sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Àbàjà mẹ́ta lọ́tùn-ún. Mẹ́ta lósì, ṣùgbọ́n ti ìsàlẹ̀ lósì kò dúró síbi tó yẹ kó dúró. Ó ya sísàlẹ̀, ó lọ kan igun ẹnu, torí pé nígbà tó wà lọ́mọdé, ó ju orí nígbà tí abẹ olóòlà ṣì wà lára rẹ̀. Wọn ò kọlà fún bàbá mi ní tiwọn; ìyá àgbà ní bàbá ọmọ ló ń pe olóòlà, àwọn ò sì ní gbapò rẹ̀. Mi ò rí bàbá àgbà rí, a ò ní fọ́tò wọn kankan, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mọ̀ wọ́n.

Mo wá jókòó ti ìwé òyìnbó. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò sóhun tó bà mí lẹ́rù níbẹ̀. Àwòrán afárá ló pọ̀ jù, àti ẹjọ́ tó dá nígbà tó di ajẹ́lẹ̀, àti lẹ́tà tó ń kọ sí ìyàwó rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ìwé tó ń kọ nǹkan ojúmọ́ sí náà wà níbẹ̀, mo ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń ṣe mí: tí mo bá dé ilé mi ní Ìpọ̀nrí, tí mo bá fẹ́ kọ orúkọ nǹkan tí mo fẹ́ rà, ọwọ́ òyìnbó yẹn ni mo máa ń rí tí mo fi kọ ọ́. Lẹ́tà rẹ̀ tó rọ̀ sápá kan, ìlà rẹ̀ tó gùn. Mo ya á dànù, mo tún un kọ, bẹ́ẹ̀ náà ló tún rí.

Nísàlẹ̀ páálí kejì, mo bá ìwé kékeré kan tí wọ́n fi awọ dì. Mo rò pé àwòrán afárá ló tún ni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni. Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjì, ọ̀tún àti òsì. Kò sí ojú, kò sí imú, kò sí ẹnu. Ilà nìkan ló yà, ó sì fi rúlà wọn gígùn rẹ̀ bí ìgbà tó ń wọn irin afárá. Nọ́ńbà ló kọ sábẹ́ rẹ̀, kò kọ orúkọ ẹnì kankan. Ó kọ ọ́ síwájú ìwé náà pé gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ òun ló jọra lójú òun, pé orúkọ wọn kì í dúró nínú orí òun, ṣùgbọ́n ilà kì í parọ́. Àwa ń sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Òyìnbó yìí yọ ojú kúrò, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ sílẹ̀.

Èmi kì í ṣe ojo o. Àmọ́ orí mi wú. Mo ń ṣí i, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń tẹ̀lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, pélé, gọ̀ǹbọ́, kẹ́kẹ́, àbàjà, ó sì ń ṣe mí bíi pé àwọn tí kò lójú wọ̀nyí ló ń wò mí. Bí mo ṣe ṣí ojú ìwé kan báyìí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì mi tutù. Mi ò tíì wo ohun tó wà níbẹ̀ dáadáa. Títutù yẹn ló kọ́kọ́ dé, bí ìgbà tí èèyàn fi ìka tó ní òrí fà á. Mo wá wò ó. Àbàjà mẹ́ta lọ́tùn-ún. Mẹ́ta lósì, ti ìsàlẹ̀ ya, ó lọ síbi tó yẹ kí igun ẹnu wà. Kẹtàdínlógójì.

“Yéè!” mo ké.

Akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin kan tó ń dúró de iṣẹ́ rẹ̀ bi mí pé, “Àǹtí, kí ló dé?” Mo ní kó máa lọ, kó padà wá lọ́la, iná ti lọ. Iná ò lọ. Gílóòbù ń tàn lókè orí àwa méjèèjì. Ó wò mí, ó wo gílóòbù, ó kó báàgì rẹ̀, ó jáde.

Mo ti ilẹ̀kùn, mo wá ẹni kẹtàdínlógójì kiri nínú ìwé ojúmọ́ òyìnbó. Kò ṣòro rí. Bí mo ṣe kà á nìyí, tí mo bá yí i sí èdè wa: “Kẹtàdínlógójì tún wá lónìí lẹ́yìn ìrun ọjọ́ Jímọ̀ wọn. Ó dúró níwájú àgọ́ mi. Ó béèrè bóyá lẹ́tà òun ti dé. Mo ní kò tíì dé.” Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ohun kan náà. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ohun kan náà. Ní ojú ìwé tó ṣáájú ni mo ti rí ìdí rẹ̀. Òyìnbó náà ti ṣàkíyèsí pé òṣìṣẹ́ tó bá gba lẹ́tà láti ilé kì í pẹ́ kó tó lọ: ìyá ń ṣàìsàn, ìyàwó ti bímọ, oko ti ń kún. Òun sì fẹ́ kí afárá parí kí òjò tó gbé odò dìde. Nítorí náà ó ń kó gbogbo lẹ́tà wọn sínú agolo bisikíìtì kan. Ó ní òun ò gbà á lọ́wọ́ wọn, òun kàn ń bá wọn tọ́jú rẹ̀ títí iṣẹ́ yóò fi parí ni.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ó kọ̀wé sí ìyàwó rẹ̀ pé lẹ́tà rẹ̀ fi ọjọ́ mẹ́wàá pẹ́, oúnjẹ ò wọ ọ̀nà ọ̀fun òun mọ́. Oúnjẹ ò wọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀! Mo dìde nídìí kọ̀ǹpútà, mo pòṣé títí ẹnu fi ń ro mí.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó kọ ọ́ pé: “Kẹtàdínlógójì kò wá béèrè mọ́. Ọkàn mi balẹ̀.” Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, nínú ọyẹ́, ó rí àwọn Mùsùlùmí inú àgọ́ tí wọ́n tò, wọ́n kọjú sí ìlà oòrùn, wọ́n ń kírun. Ẹnu yà á torí pé kò sẹ́ni tó tẹríba nínú wọn, kò sì sẹ́ni tó forí kanlẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé rẹ̀, ọmọ Yorùbá, ìyẹn sì là á yé e. Ìrun òkú ni, wọ́n ń kí i fún òkú tí kò sí nítòsí. Kẹtàdínlógójì fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú oyún, ó ti ka oṣù, ó ti lé lọ́dún kan. Àwọn ènìyàn rẹ̀ kì í ránṣẹ́ ikú sí ẹni tó wà lájò. Wọ́n á dákẹ́ títí yóò fi dé, kó má bàa gbọ́ ọ lọ́nà jíjìn kó ṣubú. Bí ó bá jẹ́ ayọ̀ ni, ìròyìn rẹ̀ ì bá ti sáré dé. Ìdákẹ́ yẹn gan-an ni ìròyìn. Lójú Kẹtàdínlógójì, obìnrin náà ti bá oyún lọ, òun àti ọmọ.

Ẹ wò ó, kò sí ọmọ Yorùbá tó máa ka oṣù bẹ́ẹ̀ tí kò ní rò ó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àbúrò wa obìnrin kú, a ò sọ fún ẹ̀gbọ́n wa tó wà lókè òkun. A ń bá wọn ṣàwàdà lórí fóònù títí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀ ní Ìkẹjà. Mo jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án gangan. Bàbá àgbà mi ló ti kírun òkú sí bàbá mi lára, bàbá mi sì wà ní Pápá Àjàó tó ń mu tíì.

Ọ̀rọ̀ tó kù nípa rẹ̀ kò pọ̀. Ó fi aṣọ tó ti ń tọ́jú de ọmọ náà ta alásè àgọ́ lọ́rẹ, ó sì bá ọkọ̀ àwọn ṣọ́jà tó ń lọ sógun lọ. Òyìnbó kọ ọ́ pé: “Lẹ́tà rẹ̀ wà lórí tábìlì mi. Mo lè sáré bá ọkọ̀ náà. Kò yára, yanrìn pọ̀ lọ́nà. Nígbà tó lọ tán, mo ya ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ látinú orí mi.”

Mo tú páálí kìíní palẹ̀. Agolo náà wà níbẹ̀, ó ti dípẹtà. Lẹ́tà méjìlá ni mo bá nínú rẹ̀, ìkankan kò ṣí. Òyìnbó ti kọ̀wé mọ́ ọn nígbà tó di ajẹ́lẹ̀, pé àwọn òṣìṣẹ́ ti fọ́n ká kí afárá tó parí, pé òun ò ṣí ìkankan wò, torí pé ẹni tó bá níwà kì í ka lẹ́tà ẹlòmíì. Ẹ ò rí ọmọlúàbí! Orúkọ bàbá àgbà wà lára ọ̀kan, orúkọ abúlé wa wà lábẹ́ rẹ̀. Mo fi sínú báàgì mi. Mi ò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo sọ fún olùkọ́ náà lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ó ní, “Àǹtí, tiyín ni.” Mọ́kànlá yòókù ṣì wà nínú agolo yẹn. Mo máa ń rò wọ́n.

Bàbá mi wà lórí àga tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kàn nígbà tí mo dé. Mo sọ pé mo rí nǹkan. Wọn ò béèrè ohun tí mo rí. Wọ́n kàn na etí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí mo ti tẹ̀, mò ń yí i sí Yorùbá bí mo ṣe ń kà á. Níbi tí òyìnbó ti ń sọ pé kò tíì dé, mo fẹ́ fo ọ̀kan.

“Má fo nǹkan kan,” wọ́n ní. “Kà á bó ṣe wà. Má fi oyin sí i fún mi.”

Mo kà á. Nígbà tí mo kà dé ibi ìrun, wọ́n gbé ọwọ́ sókè.

“Ta ni wọ́n kírun sí lára?”

“Ìyá àgbà ni, Bàbá.”

“Àti ta?”

Mo ká ìwé náà pọ̀.

“Mo ní àti ta?”

“Ẹ̀yin ni, Bàbá.”

Ẹnìkan ń fi ayùn rẹ́ pákó ní òdìkejì òpópónà, mo gbọ́ ọ títí ó fi rẹ́ pákó náà já. Wọ́n wá sọ ohun tí wọn ò sọ fún mi rí. Wọ́n ní ìyá àwọn máa ń sọ pé nígbà tí àwọn fúnra àwọn ń rákòrò, lọ́jọ́ Jímọ̀ kan nínú ọyẹ́, nígbà tí àwọn ọkùnrin ṣì wà ní mọ́ṣáláṣí, ara àwọn ṣàdédé tutù. Kò sí ibà, kò sí gìrì. Àwọn kàn ń wo òkè àjà, èémí àwọn ò hàn. Àwọn ará ilé ti ń wá aṣọ funfun tí wọ́n á fi sin àwọn kí àwọn tó sín, nígbà tí wọ́n ń pe ìrun alásárì. Títí ìyá àwọn fi kú, ó máa ń béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ pé kí ló mú ọmọ òun lọ́jọ́ yẹn.

Èmi ò sọ pé ọ̀kan ló fa èkejì. Jímọ̀ pọ̀ nínú ọyẹ́ kan. Mo kàn ń sọ ohun tí mo gbọ́ ni, ẹ̀rù sì bà mí gan-an débi pé mo sún àga mi jìnnà sí bàbá tó bí mi.

“Ṣí lẹ́tà yẹn,” wọ́n ní.

Ìwé ti gbẹ, ó ń fọ́ lọ́wọ́. Akọ̀wé kan ló bá ìyá àgbà kọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ dára, ọmọ iléèwé lè kà á. Mo kà á sókè: “Ọkọ mi, mo kí yín púpọ̀. Mo ti bí, ọkùnrin ni. Ó wà láàyè, èmi náà wà láàyè. Iwájú orí yín ló gbé wá. Ẹ fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ má fi iṣẹ́ sílẹ̀ tìtorí wa o, ẹ parí rẹ̀ kí ẹ tó máa bọ̀. A ó dúró dè yín.”

Ẹ má fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ náà nìyẹn, ohun tí òyìnbó fi pamọ́ kí iṣẹ́ má bàa dúró.

Bàbá mi sunkún. Mi ò rí i rí láyé mi. Èmi náà sunkún, mo sì ṣépè fún òyìnbó yẹn nínú ibojì tó wà, mo ṣépè tó dójú ẹ̀. Bàbá mi ní kí n dákẹ́. “Wọn ò kọ̀ wá sílẹ̀,” wọ́n ń wí. “Ṣé o gbọ́? Wọ́n rò pé a ti lọ ni. Wọ́n rò pé àwa la kọ́kọ́ lọ.” Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, wọ́n ní kí n lọ pe lèmọ́mù wá.

Lèmọ́mù àdúgbò wọn kéré tó láti jẹ́ ọmọ bàbá mi. Ó jókòó, ó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ kírun òkú fún bàbá wọn lọ́jọ́ Jímọ̀, ó sì rọra ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Ta ló jẹ́rìí ikú wọn?”

“Ta ló jẹ́rìí tèmi?” bàbá mi dáhùn.

Kò yé e. Èmi ni mo là á fún un, láti orí ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí dórí lẹ́tà. Nígbà tí mo parí, ó ń wo bàbá mi bí ẹni pé ó fẹ́ fọwọ́ kàn wọ́n, kò sì fọwọ́ kàn wọ́n. Ó ní bí a bá ka ọdún, ẹni náà kò lè ṣì wà láyé mọ́. Ó ní kí a máa bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀.

Ó ti tó ọdún méjì tí bàbá mi ti ń jókòó kírun. Lọ́jọ́ náà wọ́n kọ àga. Wọ́n ní ìdúró nìkan ni ìrun òkú, kò sí ìtẹríba, kò sí ìforíkanlẹ̀, ẹsẹ̀ àwọn á sì gbà á. Mo wà lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn obìnrin, mo ń yọjú láti ẹ̀gbẹ́ kọ́tìnì. Iwájú lèmọ́mù ṣófo, ilẹ̀ lásán, ibi tí wọ́n máa ń gbé òkú sí. Wọ́n ké kábárà kìíní, pé Ọlọ́run tóbi jùlọ. Bàbá mi dúró ṣánṣán, láìdi ẹnikẹ́ni mú. Mo ń wo ilẹ̀ òfìfo yẹn, mo ń wo ẹ̀yìn wọn nínú aṣọ funfun. Nígbà tí wọ́n fi máa ké kábárà kẹrin, mi ò mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ni wọ́n ń kírun sí lára mọ́.

Nígbà tí a jáde, àwọn ènìyàn ń kí wọn. Ọkùnrin kan tí a ò mọ̀, tó kàn yà wọlé wá kí Jímọ̀, bọ́ síwájú bàbá mi, ó na ọwọ́ sí wọn.

“Bàbá, ẹ kú ìṣẹ́lẹ̀ o. Ìgbà wo ni wọ́n kú?”

“Mi ò mọ̀,” bàbá mi ní, wọ́n sì gba ọwọ́ náà mú. “Ọjọ́ tí èmi kú nìkan ni mo mọ̀.”